Òótọ́ àbí irọ́? Ta ló ni ẹran tó ń rìn nínú igbó?

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Baṣọ̀run, àdúgbò wa n'Ìbàdàn, nígbà tí ọkọ̀ bá ti há láti Ìdí-Àpẹ, ìdí ìkòkò ẹran ìgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti máa ń dúró de ìgbà tí ojú ọ̀nà yóò là. Ọ̀yà ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Olóúnjẹ kì í bó awọ rẹ̀. Ó ti fi iná jó irun rẹ̀, ó ti fi ọ̀bẹ ha á, awọ náà ti pọ́n, kí oníbàárà lè fojú ara rẹ̀ rí i pé wọn kò fi ẹran màlúù tan òun jẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìjọba àti igbó ti máa ń jáde. Ẹnì kan á ní kò sí ohun tó kan ìjọba nínú ẹran tí Ọlọ́run dá. Òmíràn á ní gómìnà ló ni gbogbo igbó tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kó dá réńjà lẹ́kun. Oníkálukú a máa sọ tirẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ òfin. Mo ṣa díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, mo sì yẹ̀ wọ́n wò. Òótọ́ wà nínú àwọn kan. Àwọn kan kò tiẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òótọ́ kọjá.

"Ẹni tó bá pa ẹran ìgbẹ́ ló ni ín."

Irọ́ ni, láti ayé àwọn baba ńlá wa pàápàá. Ẹ bi ọdẹ àgbà léèrè. Ọdẹ tó bá pa ẹkùn kò jẹ́ gbé e gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ààfin ló ń gbé e lọ, torí ọba ló ni awọ ẹkùn. Lọ́pọ̀ ìlú, bí ọdẹ bá pa erin, eyín kan di ti ọba. Àṣà kò fìgbà kan sọ pé ohun tó bá ti ń rìn nínú igbó ti di ti ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́. Ìjọba òde òní kàn jókòó sórí àga tí ọba jókòó sí tẹ́lẹ̀ ni.

Ní 1974, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES, lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń kú tán lọ. Ní 1985, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tirẹ̀ lé e. Òfin náà pín ẹranko sọ́nà méjì: àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ wọn, kò sì gbọdọ̀ tà wọ́n, àti àwọn tí èèyàn kò gbọdọ̀ ṣòwò wọn láìgba láísẹ́ǹsì. Ọ̀yà inú ìkòkò Baṣọ̀run kọ́ ni wọ́n ń sunkún rẹ̀. Ọ̀yà ń bí dáadáa, ó ń jẹ ìrèké àti àgbàdo olóko bí ẹni tó sanwó, àwọn èèyàn sì ti ń sìn ín nínú ilé. Orílẹ̀-èdè Benin ló ti mú sísin ọ̀yà ní ọ̀kúnkúndùn ní nǹkan bí 1985, a sì ti ń rí i tí wọ́n ń sìn ín ní Ìbàdàn náà. Ẹni tó bá ń jẹ ọ̀yà lè fọkàn balẹ̀, bí ó bá ti mọ̀ pé kì í ṣe oògùn apakòkòrò ni wọ́n fi pa á.

Akíka lọ̀rọ̀ wà. Ní 2016, níbi ìpàdé CITES ní Johannesburg, wọ́n fi ẹ̀yà akíka mẹ́jọ̀ọ̀jọ tó wà láyé sí ìpele tí òwò wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ti di èèwọ̀. Síbẹ̀, ní oṣù keje ọdún 2021, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mú ìpẹ́ akíka tó ju tọ́ọ̀nù méje lọ ní Lekki, l'Ékòó. Ẹni tó bá ti rí akíka rí mọ bó ti kéré tó. Kó wá rò ó, akíka mélòó ni wọ́n ní láti pa kí ìpẹ́ nìkan tó wọn tọ́ọ̀nù méje?

Ẹ kíyè sí i pé kọ́sítọ́ọ̀mù ló mú un, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó. Ìgbà tí ẹran ti kú tán, tí ìpẹ́ ti wọ àpò, tí àpò ti dé Èkó, ni ọwọ́ òfin tó tó o. Kì í ṣe pé igbó kò ní ẹ̀ṣọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán oníkálukú yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yòókù ti ṣẹ̀ wá.

"Gómìnà ló ń darí Old Oyo National Park."

Irọ́. Kò tiẹ̀ sí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó èyí nígboro Ìbàdàn. Páàkì náà wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lóòótọ́, ó na apá kan kan Kwara, olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nílùú Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n National Park Service tó wà l'Ábùjá, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló gba àwọn réńjà síṣẹ́, òun ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ, òun ló ń san owó oṣù wọn. Gómìnà kò lè pàṣẹ fún wọn gẹ́gẹ́ bí kò ṣe lè pàṣẹ fún sójà tó wà ní báráàkì Òjòó.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nílé ni wọ́n ti bí i. Ní 1936, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó, wọ́n ya igbó apá òkè odò Ògùn sọ́tọ̀. Ní 1941 wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀. Ní 1952 àwọn méjèèjì kúrò ní igbó igi lásán, wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹranko. Ní 1991 ni ìjọba ológun pa wọ́n pọ̀, tó sì fi òfin sọ wọ́n di páàkì orílẹ̀-èdè. Bó ṣe fẹ̀ tó kò ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú: kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Bí wọ́n bá gbé e lé orí ìpínlẹ̀ Èkó, yóò bo ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa fi ìlẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀. Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ló lè sọ ilẹ̀ di páàkì, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Tó bá ti gbà tán, àṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdẹ kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ ibẹ̀, darandaran kò gbọdọ̀ da màlúù wọ ibẹ̀, àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ ro oko níbẹ̀. Réńjà lè mú ẹni tó bá rú òfin yìí, ó sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ẹni tí ìyà ìpín-àṣẹ yìí ń jẹ jù ni àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà létí páàkì, ní apá Tede tàbí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ìjímèrè á jáde wá, á hú ẹ̀pà rẹ̀ jẹ, á sì padà sílé ìjọba. Ilẹ̀ tí ẹ̀pà wà jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ilẹ̀ tí ìjímèrè ń sùn sí jẹ́ ti Àbújá. Bí bàbá náà bá wá ẹjọ́ rò, ìjọba ìpínlẹ̀ ní Agodi á ní kó lọ bá àwọn páàkì, àwọn páàkì á ní ẹ̀tọ́ àwọn kò kọjá ààlà. Lójú tèmi, ìdí nìyí tí àwọn abúlé etí páàkì kì í fi í tú àṣírí ọdẹ tó bá wọlé lóru. Ta ni wọ́n fẹ́ tú u fún?

"Igbó ni ilẹ̀ páàkì náà látilẹ̀wá, èèyàn kò gbé ibẹ̀ rí."

Irọ́ tó yẹ kó ti ará Baṣọ̀run lójú ju ẹnikẹ́ni lọ. Oyè tí àdúgbò wa ń jẹ́ kó tó di oyè tí Olúyọ̀lé àti Ògúnmọ́lá jẹ ní Ìbàdàn, kó tó di èyí tí wọ́n fi Abíọ́lá jẹ ní 1987, Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ibi tí réńjà ń tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n lónìí ni Baṣọ̀run Gáà ti ń fi Aláàfin ṣeré bí ẹni ń fi ọmọ ayò ṣeré, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀ ní 1774. Láàárín 1830 sí 1840, ogun Ìlọrin tú ìlú náà, igbó sì gba ilẹ̀ tí ààfin wà. Odi ìlú ṣì wà nínú páàkì, àfọ́kù ìkòkò ṣì wà nílẹ̀ káàkiri. Réńjà tó ń lé ọdẹ ń ṣọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí pẹ̀lú, ẹni tó bá sì ṣa àfọ́kù kan sápò gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí ti jalè.

"Igbó ọba ni ibi tí ìjọba ń pa ẹranko mọ́ sí."

Irọ́. Èyí ló sì yẹ ká fara balẹ̀ tú, torí igbó ọba ni ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní gan-an.

Igi ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá igbó ọba sílẹ̀. Olókemejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn àkọ́kọ́ pátápátá ní Nàìjíríà. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ ní 1899, nígbà tí ojú irin Èkó ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn, tó sì gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni Gambari lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, àti Ìjàyè, àti Òpárá tó fẹ̀ lọ síhà ẹnubodè Benin. Ohun tí wọ́n ń wò nínú gbogbo wọn ni gẹdú. Nígbà tí gẹdú ìbílẹ̀ ń tán lọ, wọ́n gbin tíìkì àti mẹlínà dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé igi kan láti Gambari. Agégi tó ní ìwé àṣẹ gé e lulẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ igbó ọba dé, ó wọn ìdí rẹ̀, ó ṣírò owó tó yẹ kó wọ àpò ìjọba. Lẹ́yìn náà ló yọ òòlù kan. Òòlù yìí kì í ṣe ti káfíńtà, torí lẹ́tà wà lójú rẹ̀. Ó lù ú gbàà mọ́ ẹnu ibi tí wọ́n ti gé ìtì igi náà, ó tún lu kùkùté tó kù nílẹ̀. Àmì tó hàn níbẹ̀ ni ìwé ìrìnnà igi náà. Bí lọ́rì bá gbé e lọ sí sọ́mìlì, tí wọ́n bá bi í lójú ọ̀nà, àmì náà ni yóò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá là á tán, pákó rẹ̀ lè dé ọjà Bódìjà, kí wọ́n fi kan òrùlé ẹnì kan ní Baṣọ̀run.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí, ibo ni ẹtu wọ̀ ọ́? Kò wọ̀ ọ́. Wọn kì í fi òòlù lu ẹtu. Owó igi ni ìjọba fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀ka igbó ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dún, kò sì sí ẹni tí ń béèrè iye ẹtu tó kù. Ẹ̀ṣọ́ tó rí ọdẹ tó gbé ẹran méjì kọ́ èjìká lè kí i, "Ẹ kú ọdẹ o," kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. N kò dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Igi tí wọ́n gbìn pàápàá kò gba ẹran lálejò. Ẹ wọ oko tíìkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ewé ti wọ́ dálẹ̀, igi kan náà ló tò lọ súà, èso tí ọ̀bọ lè jẹ kò sí, ihò tí ẹyẹ lè sá sí kò tó nǹkan. Lójú ẹni tó ń ta pákó, igbó ni. Lójú ọ̀bọ, aṣálẹ̀ tó láwọ̀ ewé ni.

Ẹ̀bi kan wà tí wọ́n máa ń dá àgbẹ̀ tí kò yẹ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá rí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo nínú igbó ọba, wọ́n á ní olè gba ilẹ̀ ìjọba. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló máa ń fún wọn láyè nígbà mìíràn. Ọgbọ́n tí òyìnbó kó wá láti Burma ni: àgbẹ̀ á gbin oúnjẹ sáàárín ọ̀dọ́ igi fún bí ọdún méjì sí mẹ́ta, á máa ro ilẹ̀ náà, ìjọba kò ní sanwó ìroko. Bí igi bá ti gòkè, àgbẹ̀ á kó jáde. Ibi tó ti ń dojú rú ni ti kíkó jáde yẹn. Ẹni tó ti kọ́lé, tó ti bímọ, tó ti yọ́ kòkó gbìn, kò jọ ẹni tó máa kó jáde torí igi gòkè.

Ìpínlẹ̀ lè fi igbó ọba ṣe nǹkan mìíràn, àwọn aládùúgbò wa sì ti ṣe é. Igbó Ọ̀mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó ọba ni bíi Gambari. UNESCO ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn àkànṣe igbó àgbáyé láti 1977, erin sì ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Nigerian Conservation Foundation, tí kì í ṣe ti ìjọba, ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ẹranko. Agégi àti àgbẹ̀ kò tíì jẹ́ kí Ọ̀mọ̀ sinmi, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń sanwó fún ẹni tí yóò mọ ibi tí erin sùn.

"Ẹni tó bá ti iná bọ igbó ti ba igbó jẹ́."

Òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ wà níbẹ̀. Oṣù tó ti iná bọ̀ ọ́ la ó fi dá a lẹ́jọ́.

Ní Olókemejì kan náà, ní 1929, àwọn onímọ̀ igbó ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ń jó ọ̀kan lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń jó èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Nígbà tó fi máa tó ọgbọ̀n ọdún, ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọ ọmọ ìyá mọ́. Èyí tí iná kò kàn ti ń di igbó dídí. Èyí tí wọ́n ń jó ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣí sílẹ̀ gbalasa, koríko ló gba ibẹ̀. Èyí tí wọ́n ń jó ní ìbẹ̀rẹ̀ wà láàárín wọn.

Kò ṣòroó yé. Ní oṣù kọkànlá, koríko kò tíì gbẹ tán, iná á máa fà wúyẹ́wúyẹ́ nílẹ̀, kò ní lágbára láti pa igi. Ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, koríko ti di ìṣáná, ìràwé ti gbẹ, atẹ́gùn ń fẹ́, iná á gun orí igi. Nítorí náà, ní àwọn páàkì tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi Old Oyo, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ń ti iná bọ koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fi ń jó ohun tí iná ńlá ì bá jẹ tó bá dé. Ewé tútù á rú jáde, ẹran á rí nǹkan jẹ, ojú réńjà náà á sì ríran jìnnà. Iná ọdẹ tó fẹ́ lé ẹran jáde, tàbí ti darandaran tó ń wá koríko tuntun nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ koko, ni ọ̀tá.

"Àmọ̀tẹ́kùn ló ń ṣọ́ ẹranko báyìí."

Irọ́. Ọ̀rọ̀ ààbò ẹ̀mí àti dúkìá ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Wọ́n lè bá ọ̀daràn pàdé nínú igbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ẹranko kọ́ ni iṣẹ́ wọn. Àmọ̀tẹ́kùn tí ẹ máa rí nígboro ìpínlẹ̀ yìí, ọkọ̀ ló ń wà.

"Súù UI àti Agodi Gardens, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni méjèèjì."

Ìdajì òótọ́. Yunifásítì Ìbàdàn ló ni súù rẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹran jọ ní 1948 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí wọ́n ń kà, ó sì di súù gidi ní 1974. Agodi ni ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà tó ní Baṣọ̀run lè rántí pé omíyalé Ògùnpa ní oṣù kẹjọ 1980 ba ibẹ̀ jẹ́ gan-an. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣí ní 2014. Ibi ìgbafẹ́ ni. Kò sí ẹ̀yà ẹran kankan tí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ dúró lé Agodi.

"Kò sí ẹ̀dá inú igbó tó ṣe kókó mọ́ ní Ìbàdàn."

Irọ́ gbáà. Ẹyẹ kan wà tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, dúdú lára, pupa lórí àti láyà. Ní gbogbo ayé, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan la ti lè rí i. John Elgood, tó ń kọ́ni ní yunifásítì ibí yìí, ló kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1958, ó sì fún un ní orúkọ ìlú wa: *Malimbus ibadanensis*. Ó wà lára àwọn ẹyẹ tí àgbáyé ń bẹ̀rù pé ó lè kú run.

Ibi tí àwọn tó ń wá a kiri máa ń lọ ni IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. IITA bẹ̀rẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ bíi 1,000 hẹ́kítà. Wọ́n fi nǹkan bí 350 hẹ́kítà sílẹ̀ fún igbó. Èyí tó pọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀, ó sì padà di igbó, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ kẹta ti Olókemejì. Igbó tí wọ́n ṣọ́ dáadáa jù ní Ìbàdàn nìyẹn, kì í sì í ṣe ti ìjọba kankan. Ọgbà yí i ká, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ẹ̀ṣọ́, ọ̀gá kan ṣoṣo ló sì ń pàṣẹ níbẹ̀.

A kò lè sọ ọgbà yí Gambari ká, torí èèyàn ń gbé inú rẹ̀, oko wọn wà níbẹ̀, ibojì àwọn bàbá wọn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Gambari jẹ́ ti ìpínlẹ̀, kò sí pé à ń dúró de Àbújá, kò sì jìnnà sí Sẹkiteríátì bí Ọ̀yọ́-Ilé ṣe jìnnà. Ibẹ̀ ni ìjọba lè ti bẹ̀rẹ̀. Kó mú apá kan tí tíìkì kò tíì gbà, kó bá àwọn ọdẹ abúlé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, torí àwọn ló mọ ọ̀nà ẹran. Kó gba díẹ̀ nínú wọn síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ tí kò ní gbé òòlù, tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè lọ́wọ́ wọn lópin ọdún pé èló ni wọ́n pa wọlé.